Owó Ìjà àti Ìjà Ọ̀ranyàn: Ta Ló Ń Pín In, Báwo Ló sì Ṣe Ń Pín In?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì wá síbí, ẹ kú ìfẹ́ eré ìdárayá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀ṣẹ́, ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń retí ni kí olùsọ̀rọ̀ wá sọ ẹni tó lágbára ju ẹnìkejì lọ. Mi ò bá ìyẹn wá lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí wọ́n ṣe ń pín owó láàrin abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ni bẹ́líìtì àti èyí tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá láàrin àwọn hẹfiwéètì, àwọn tó wúwo jù, níbi tí owó ti pọ̀ jù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mi ò sì ní fi pamọ́ di ìgbẹ̀yìn. Òfin tó ní kí ṣáńpíọ̀nù bá ẹni tó wà ní ipò kìíní lórí àtẹ jà, òfin rere ni. Òun nìkan ni ààbò tí ẹni tí kò ní agbátẹrù ńlá lẹ́yìn ní nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìpín owó gba agbára lọ́wọ́ òfin náà. Wọn kì í sọ fún ọ pé o ò ní jà. Wọ́n á ní wàá jà, wọ́n á wá gbé iye tí wọ́n mọ̀ pé ara rẹ ò ní gbà síwájú rẹ. Bí o bá kọ̀ ọ́, wọ́n á tú u ká pé ìwọ lo sá.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń fún àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ní bẹ́líìtì àgbáyé. WBA ni àgbà wọn, 1921 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà náà. WBC bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mexico City ní 1963, IBF tẹ̀lé e ní 1983, WBO sì dé ní 1988. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àtẹ tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní olùpèníjà ọ̀ranyàn tirẹ̀, ìyẹn ẹni tí ṣáńpíọ̀nù gbọ́dọ̀ bá jà. IBF ní láàrin oṣù mẹ́sàn-án ni ṣáńpíọ̀nù gbọ́dọ̀ bá tiwọn jà. WBC ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó bá kó bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Olùpèníjà mẹ́rin ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ hẹfiwéètì ńlá kì í jà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Dandan ni kí ẹnìkan dúró. Ta ni yóò dúró, èló ni yóò gbà fún ìdúró rẹ̀, ta ni yóò san án: ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn oníròyìn kì í sábà mẹ́nu bà. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ń gba tiwọn nínú owó ìjà, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Ìjà tó pa mílíọ̀nù 100 dọ́là yóò mú owó wọlé fún wọn ju ìjà tó pa mílíọ̀nù 5 lọ fíìfíì. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó gbèjà olùpèníjà tí kò gbajúmọ̀ ló tún ń jẹ nínú ìjà tí wọ́n fi ń tì í sẹ́yìn. Mi ò sọ pé olè ni wọ́n. Mò ń sọ pé ibi tí wọ́n ti ń jẹun kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn le tó bó ṣe yẹ.

Bí ẹgbẹ́ bá ti pàṣẹ ìjà ọ̀ranyàn, wọ́n á fún agbátẹrù méjèèjì ní àkókò díẹ̀ kí wọ́n jọ sọ ọ́ láàrin ara wọn. Bí wọn ò bá rí i sọ, wọ́n á lu ìjà náà ní gbànjo. Agbátẹrù èyíkéyìí tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà lè kọ iye tirẹ̀ sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣí gbogbo rẹ̀. Iye tó bá ga jù ló ni ìjà, òun náà ni yóò yan ìlú àti ọjọ́. Òfin ẹgbẹ́ ló wá ń sọ bí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò méjèèjì yóò ṣe pín owó náà: àwọn mìíràn ń lo 75 sí 25, WBC sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 70 sí 30.

Mo fẹ́ràn gbànjo yìí. Mo mọ̀ pé àwọn agbátẹrù kórìíra rẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kì í mọ iye tí ìjà rẹ̀ tó gan-an. Ohun tí agbátẹrù rẹ̀ bá sọ fún un ló mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí àpòòwé, gbogbo ayé ló rí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Tyson Fury àti Dillian Whyte, nítorí gbogbo iye rẹ̀ ló wà ní gbangba. Jàmáíkà ni wọ́n bí Whyte sí, Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti dàgbà. Láti ìparí 2017 ló ti bọ́ sí ipò kìíní lórí àtẹ WBC, nígbà tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ Deontay Wilder. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀ láìrí ìjà bẹ́líìtì kankan jà. Kò sì káwọ́ gbera. Ó na Joseph Parker ní 2018. Ó na Oscar Rivas ní oṣù Keje 2019, wọ́n sì fún un ní bẹ́líìtì adelé, wọ́n ní òun ni olùpèníjà ọ̀ranyàn báyìí, àmọ́ kó ṣì ní sùúrù fún Wilder. Ibi tó ti ń ní sùúrù ni Alexander Povetkin ti fi ẹ̀ṣẹ́ kan tó ti ìsàlẹ̀ wá gbé e ṣubú ní abala karùn-ún, ní oṣù Kẹjọ 2020. Ó di oṣù Kẹta 2021, ní Gibraltar, kó tó gba ipò rẹ̀ padà.

Nígbà tí WBC wá pàṣẹ pé kí Fury, tó ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Wilder, bá a jà, ìpín owó ló kọ́kọ́ di ìjà. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kéde pé ìdá 80 nínú 100 ni ti Fury, ìdá 20 ni ti Whyte. Àwọn ti Whyte ń retí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n ṣí àpòòwé. Eddie Hearn, agbátẹrù Whyte, kọ dọ́là 32,222,222. Frank Warren, agbátẹrù Fury, kọ 41,025,000, òun ló sì gba ìjà náà. Àwọn tó ti ń sọ kiri pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wo Whyte, ẹnu wọn wọhò.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. WBC máa ń kọ́kọ́ yọ ìdá 10 sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá borí, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 4.1. Ó ku mílíọ̀nù 36.9. Nínú èyí, Fury gba bíi mílíọ̀nù 29.5, Whyte gba bíi mílíọ̀nù 7.4. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2022, níwájú èrò bíi 94,000 ní pápá ìṣeré Wembley, Fury gbé Whyte ṣubú ní abala kẹfà, ó sì kó mílíọ̀nù 4.1 náà kún tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé oníròyìn àkọ́kọ́ fún ìjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, Whyte kò yọjú rárá. Fury nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú Whyte pé kò mọ iṣẹ́. Èmi ò bú u. Ẹni tí wọ́n dá dúró fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá wọn ìdá 20 fún, kí ló kù tí yóò wá bá wọn rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà fún?

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí mílíọ̀nù 7.4 náà kì í ṣe owó kékeré, ṣebí kò gba iye bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ṣebí Fury lèrò wá wò. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Fury lorúkọ ju Whyte lọ, mi ò jiyàn. Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí 80 sí 20 yẹn. Láti yà kúrò lórí 70 sí 30, WBC máa ń wo iye tí oníkálukú ti gbà nínú àwọn ìjà rẹ̀ àìpẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó ja ìjà bẹ́líìtì, báwo ni yóò ṣe gba owó ìjà bẹ́líìtì? Wọ́n dá a dúró, ìdúró náà jẹ́ kí owó rẹ̀ kéré, wọ́n wá fi kíkéré owó rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ìpín kékeré ló tọ́ sí i. Ẹni tó dá a dúró ló jèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ilé Yorùbá, bí bàbá bá kú, tí a fẹ́ pín ogún, ọ̀nà méjì ni a mọ̀: ká pín in ní ìdí-igi tàbí ká pín in ní orí-ó-jorí. Ìdílé lè jà lórí èwo ni kí wọ́n lò, ṣùgbọ́n kò sí mọ̀lẹ́bí tó máa dìde sọ pé kí a wo iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ná lọ́dún tó kọjá kí a tó mọ iye tó tọ́ sí i. Ìlànà ti wà nílẹ̀ kí owó tó délẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè fún nínú iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó lèrò ni kó gba púpọ̀ náà, wọn kì í tẹ̀ lé e nígbà tí kò bá bá wọn lára mu. Ní oṣù Kẹrin 2013, wọ́n lu ìjà ṣáńpíọ̀nù Wladimir Klitschko àti olùpèníjà rẹ̀, Alexander Povetkin, ní gbànjo. Andrey Ryabinsky, ọlọ́rọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ dọ́là 23,233,330, iye tí àwọn yòókù ò tiẹ̀ sún mọ́. Kí ló dé tó fi kọ iye yẹn? Nítorí pé ọmọ Rọ́ṣíà ni Povetkin, ó sì fẹ́ kí ìjà náà wáyé ní Moscow. Klitschko ti ń jà ní Jámánì láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń san iye bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ fún irú ìjà yẹn. Povetkin ni orísun owó náà, ṣùgbọ́n ìdá 25 ni òfin fún un, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 5.8, Klitschko sì kó bíi mílíọ̀nù 17.4. Kò sẹ́ni tó dìde nígbà náà pé kí á yí ìpín padà nítorí ẹni tó lèrò. Mo fara mọ́ 75 sí 25 ti ọjọ́ yẹn o, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú àpòòwé. Bí òfin bá dè mí lọ́jọ́ tí mo lèrò, kó de ìwọ náà lọ́jọ́ tí ìwọ lèrò.

Ryabinsky yìí náà ló tún gba ìjà Wilder àti Povetkin ní 2016 pẹ̀lú mílíọ̀nù 7.15. Moscow ló tún mú. Ṣáńpíọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà ń lọ bá olùpèníjà nílé, nítorí pé àwọn tirẹ̀ ò kọ iye tó tó bẹ́ẹ̀. Ìjà náà kò wáyé, wọ́n bá meldonium, oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀, lára Povetkin nígbà tó ku bíi ọ̀sẹ̀ kan. Mílíọ̀nù 4.5 tó yẹ kí Wilder gbà di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé àwọn Lárúbáwá tó lówó, tó ń gbé ìjà ńlá kalẹ̀ lóde òní, ló kó ìwà yìí wá. Rárá o. Ní oṣù Kejì 1978, Leon Spinks, tí kò tíì ja ju ìjà méje lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbowó, na Muhammad Ali ní Las Vegas. WBC ní kó bá Ken Norton jà. Spinks mọ ibi tí owó wà: àtúnjà pẹ̀lú Ali ni. Ó yan Ali. Ní oṣù Kẹta, WBC gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Norton nítorí ìjà kan tó ti borí lọ́dún tó ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà, Larry Holmes gbà á lọ́wọ́ Norton. Norton, ọkùnrin tó fọ́ àgbọ̀n Ali, kò borí ìjà bẹ́líìtì àgbáyé kankan nínú ríìngì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Holmes fúnra rẹ̀ fi bẹ́líìtì WBC sílẹ̀ nígbà tí owó ìjà ọ̀ranyàn rẹ̀ pẹ̀lú Greg Page kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lọ gba ti IBF tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Èyí tí gbogbo ayé rántí ni ti Riddick Bowe. Ní oṣù Kọkànlá 1992, ó gba bẹ́líìtì mẹ́ta lọ́wọ́ Evander Holyfield. Lennox Lewis, tó ti na Bowe ní àṣekágbá Òlíḿpíìkì Seoul ní 1988, ti na Razor Ruddock ní Lọ́ńdọ̀nù ní abala kejì, òun ni WBC sì ní kí Bowe bá jà. Ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀, ìpín tí wọ́n fẹ́ fún Lewis kéré, àwọn ti Lewis kọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ní Lọ́ńdọ̀nù, Bowe ju bẹ́líìtì WBC sínú garawa ìdọ̀tí lójú àwọn oníròyìn. Michael Dokes àti Jesse Ferguson ló wá bá jà lẹ́yìn náà, àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò ní ṣòro fún un. Bowe àti Lewis ò pàdé mọ́ láyé wọn. Ìjà hẹfiwéètì tó dára jù tí ìran yẹn ì bá rí, ìpín owó ló jẹ ẹ́.

Owó mìíràn tún wà tí mo ń pè ní owó yàgò. Wọ́n á san án fún olùpèníjà kó yàgò lọ́nà fún ìjà tó tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ní 1996, Lewis ló wà nípò kìíní, Mike Tyson ló ni bẹ́líìtì WBC. Don King, agbátẹrù Tyson, fún Lewis ní mílíọ̀nù 4 dọ́là kó yàgò, kí Tyson lè bá Bruce Seldon jà fún bẹ́líìtì WBA. Tyson na Seldon, ó sì fi bẹ́líìtì WBC sílẹ̀ láìbá Lewis jà. Lewis ja fún èyí tó ṣófo ní oṣù Kejì 1997, Oliver McCall tó bá jà bú sẹ́kún nínú ríìngì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó tẹ̀lé e láti pe Lewis níjà ni ọmọ wa, Henry Akínwándé, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì gbé ní Nàìjíríà ní kékeré. Akínwándé fi bẹ́líìtì WBO tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè ja ìjà náà. Ní oṣù Keje, ní ìpínlẹ̀ Nevada, rẹfirí dá ìjà dúró ní abala karùn-ún, ó ní Akínwándé ń di ẹnìkejì rẹ̀ mú jù, ó lé e jáde. Bẹ́líìtì tó ní, kò sí mọ́. Èyí tó wá, kò rí i gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń dùn mí.

Èmi ò lòdì sí owó yàgò pátápátá. Iṣẹ́ tó lè fọ́ ènìyàn lágbárí ni iṣẹ́ yìí, bí ẹnìkan bá rí mílíọ̀nù mẹ́rin gbà láìjẹ ẹ̀ṣẹ́ kankan, kó gbà á. Ohun tí mo lòdì sí ni pé inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń san án. Ẹni tó wà ní ipò kejì àti ìkẹta kì í mọ̀ pé wọ́n ti ta ìdúró tiwọn náà mọ́ ti ẹni àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dárúkọ Anthony Joshua. Ọmọ Ṣàgámù ni, a ò sì lè sọ ìtàn yìí láìkan án, nítorí ìjà ọ̀ranyàn ló gbé e gòkè, ìjà ọ̀ranyàn náà ló gbé e wálẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2015, Fury na Klitschko ní ìlú Düsseldorf. Àtúnjà ti wà nínú ìwé àdéhùn wọn. IBF ní rárá, Vyacheslav Glazkov ló kàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Fury. Ní oṣù Kìíní 2016, Glazkov àti Charles Martin ja fún un ní Brooklyn. Orúnkún Glazkov yẹ̀ ní abala kẹta, Martin di ṣáńpíọ̀nù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, Joshua gbé Martin ṣubú ní abala kejì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni bẹ́líìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wá. Àtúnjà Fury àti Klitschko tí gbogbo èyí tìtorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò wáyé títí di òní.

Ẹ wá wo ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Oleksandr Usyk, ọmọ Yukréènì, na Fury ní Riyadh ní oṣù Karùn-ún 2024, ó kó bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ohun tí hẹfiwéètì kankan ò ṣe rí; mẹ́ta ni Lewis kó jọ ní 1999. Àtúnjà tún wà nínú ìwé àdéhùn. IBF tún ní Daniel Dubois ló kàn. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìjà náà, Usyk jọ̀wọ́ bẹ́líìtì IBF. Wọ́n gbé e fún Dubois. Ní oṣù Kẹsàn-án, níwájú èrò bíi 96,000 ní Wembley, Joshua lọ bá Dubois jà fún bẹ́líìtì yẹn gan-an, Dubois sì gbé e ṣubú léraléra títí ó fi dá ìjà náà parí ní abala karùn-ún. Bẹ́líìtì kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, ìdí kan náà: àtúnjà tó lówó lórí lé ìjà ọ̀ranyàn sẹ́yìn. Àwọn tó ń bú Joshua pé orí ìwé ló ti gba bẹ́líìtì ní 2016, kí wọ́n rántí pé ó fi bẹ́líìtì náà dúró de Klitschko níwájú èrò bíi 90,000 ní oṣù Kẹrin 2017, ó sì pa á láyò ní abala kọkànlá.

Joshua yìí kan náà ni mo tún fi ń dá àwọn tó ní kí a pa òfin ọ̀ranyàn rẹ́ lóhùn. Ní 2018, òun ló ni bẹ́líìtì mẹ́ta, Wilder ló ni ti WBC. Kò sí òfin tó lè fi ipá mú ṣáńpíọ̀nù méjì pàdé. Àwọn ti Wilder ní àwọn á fún Joshua ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Àwọn ti Joshua ní owó tó mọ níwọ̀n ni Wilder máa gbà, kì í ṣe ìpín nínú ohun tó bá wọlé. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, títí WBA fi ní kí Joshua yára bá Povetkin jà bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á gba tiwọn. Ó na Povetkin ní oṣù Kẹsàn-án. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì fi ní bẹ́líìtì lọ́wọ́, wọn ò pàdé. Níbi tí òfin wà, a rí ìjà wò. Níbi tí ó ku ìfẹ́ inú àwọn agbátẹrù nìkan, ìwé ìròyìn la kà.

Mo bọ̀wọ̀ fún Usyk lórí ọ̀rọ̀ ìpín yìí o. Ní oṣù Kẹta 2023, Fury ní òun á gba ìdá 70, kí Usyk gba 30, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bẹ́líìtì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ Usyk, ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ Fury. Usyk gbà. Ó ní kìkì kí Fury fún àwọn ènìyàn Yukréènì ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Síbẹ̀ ìjà náà fọ́, orí ọ̀rọ̀ àtúnjà ló fọ́ sí. Ó fi hàn pé ìpín tí a ń gbọ́ ní gbangba lè máà jẹ́ gbogbo ìpín. Àwọn lọ́yà lè gbà fún ọ lórí ìjà àkọ́kọ́, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà lórí ìkejì.

Nítorí náà, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Bẹ́líìtì adelé, kí wọ́n fòpin sí i. Ohun ìtùnú ni wọ́n fi ń dá ẹni tó yẹ kó jà dúró. Owó yàgò, kí wọ́n kéde iye rẹ̀, kó má sì kọjá ẹ̀ẹ̀kan fún olùpèníjà kan. Àwọn méjèèjì yìí kò le.

Èyí tó le ni ìpín. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo ìpín kan náà, 75 sí 25, kí wọ́n má ṣe wo owó tí ẹnikẹ́ni gbà lánàá. Mo sì fẹ́ kí ìdúró lówó lórí. Ọdún kan ni a fún ṣáńpíọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún kan yẹn, fún gbogbo ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún fi olùpèníjà ọ̀ranyàn dúró, kí ìpín rẹ̀ fi ìdá 5 gòkè, kó sì wá láti inú ti ṣáńpíọ̀nù. Àwọn agbátẹrù á sọ pé èyí yóò mú kí àwọn ṣáńpíọ̀nù máa jọ̀wọ́ bẹ́líìtì. Wọ́n ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí náà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Usyk fi ti WBO sílẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Fabio Wardley. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ kíákíá, kí àwọn tó kù lè jà fún un nínú ríìngì nígbà tí agbára wọn ṣì wà lára.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Whyte dán an wò. Oṣù Keje 2019 ni WBC ní òun ni olùpèníjà ọ̀ranyàn, oṣù Kẹrin 2022 ló jà: oṣù 33. Ẹ yọ oṣù méje tí ipò náà fi wà lọ́wọ́ Povetkin, ó ku 26. Ẹ yọ ọdún kan tí a fún ṣáńpíọ̀nù, ó ku oṣù 14. Ọdún kan péré ni a máa kà nínú rẹ̀, ìpín rẹ̀ á wá di 30. Nínú mílíọ̀nù 36.9 dọ́là, Whyte ì bá gba mílíọ̀nù 11 ó lé díẹ̀ dípò 7.4. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù 3.5 láàrin méjèèjì ni owó ìdúró rẹ̀, ẹni tó dá a dúró ló sì gbà á.